Ẹ Fọ Táǹkì Kí Ẹ Tó Ra Pọ́ǹpù

Nígbà tí ọkọ̀ tó ti dúró sójú kan fún ọdún mélòó kan bá kọ̀ tí kò jí, pọ́ǹpù epo ni ẹjọ́ máa ń kọ́kọ́ dé bá. Wọ́n á ti gbé bátìrì tuntun sí i, wọ́n á yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì á máa yí, kò ní gbaná. Ẹnì kan á ní pọ́ǹpù ti kú. Owó á jáde, pọ́ǹpù tuntun á wọlé, ọkọ̀ á jí, ariwo ayọ̀ á sọ. Kó tó tó oṣù kan, pọ́ǹpù tuntun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, lọ́jọ́ kan á sì dákẹ́ sáàárín títì. Mo ti rí èyí lára ọkọ̀ tó pọ̀ tó láti sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: epo tó bà jẹ́ sínú táǹkì ló ń pa pọ́ǹpù. Ẹni tó bá pààrọ̀ pọ́ǹpù tí kò fọ táǹkì, kó yáa fi owó pọ́ǹpù kejì pamọ́.

Ní Mamobi, ní ìlú Accra, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣòroó rí. Àdúgbò náà há, ilé fara ti ilé. Nima wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, Kotobabi wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, Accra New Town kò sì jìnnà, èyí tí àwọn àgbà ṣì mọ̀ sí Lagos Town nítorí àwọn èèyàn wa tó tẹ̀dó síbẹ̀. Èdè Hausa ló gba ìgboro, àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ àgbàlá ẹ ó gbọ́ Yorùbá ará Ìlọrin àti ti Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́nu àwọn tí wọ́n bí sí Ghana, tí wọ́n bí bàbá wọn náà sí Ghana. Àwọn ìdílé wọ̀nyí mọ bí èèyàn ṣe ń fi ẹrù sílẹ̀ lójijì. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969 ni ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti gba ìwé tàbí kí wọ́n kúrò nílùú. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fi ilé àti ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ lọ. Lóde òní, ìrìn àjò òkè òkun ló ń sọ ọkọ̀ di ọmọ òrukàn. Ẹni tó ní òun ń lọ fún oṣù mẹ́fà á pẹ́ ọdún mẹ́fà. Ọkọ̀ rẹ̀ á wà lábẹ́ igi dóńgóyárò, tapólì á bò ó, ewé á kún orí tapólì, àwọn ọmọdé á sì máa jókòó sórí bọ́ńẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn ni Toyota Celica kan tí mo bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ rẹ̀: pupa, onílẹ̀kùn méjì, ẹ̀dà tó ní iná ojú róbótó mẹ́rin, èyí tí Toyota ń ṣe láti 1993 títí di 1999. Ẹni tó ni ín wà ní London. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń gbé inú ilé tí wọ́n gbé ọkọ̀ náà sí, gbogbo ìgbà tí àwọn tó ń ra irin àlòkù bá sì ti kọjá ni wọ́n ń bi í pé èló ni. Kò tà á. Àbúrò rẹ̀ ti bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á fún wọn o, mò ń bọ̀ wá wà á."

Ẹni tí kò fẹ́ràn ọkọ̀ á ní kí ló dé tí wọn kò jẹ́ kó lọ, nígbà tí Corolla kún ìlú. Èmi kò lè bá wọn sọ bẹ́ẹ̀. Celica kì í ṣe àjèjì sí apá ibi tá a wà yìí. Ní Côte d'Ivoire tó múlé ti Ghana, Björn Waldegård fi Celica gba ìdíje rali ilẹ̀ náà ní 1983, Juha Kankkunen fi gbà á ní 1985, Waldegård tún padà gbà á ní 1986. Ní Kenya, Celica ló gba Safari Rally ní 1984, 1985 àti 1986. Orí eruku, ẹrẹ̀ àti òkúta ni wọ́n ti ṣe gbogbo ìyẹn, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó bá wọn jáde láàárọ̀ ni kò rí ìparí rẹ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó kú sábẹ́ igi nítorí epo jálá díẹ̀ tó ṣá.

Bí epo ṣe ń ṣá gan-an ló yẹ ká mọ̀. Bẹntiróòlù kì í ṣe èròjà kan ṣoṣo. Àdàpọ̀ nǹkan tó pọ̀ ni. Àwọn kan nínú wọn fúyẹ́ débi pé wọ́n ń di oru ní nǹkan bí 30 sí 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àwọn kan wúwo tí wọn kò ní gbéra àfi tí ooru bá tó 200. Àwọn tó fúyẹ́ yìí ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tètè gbaná láàárọ̀, àwọn náà ló sì ń kọ́kọ́ fò lọ nínú oòrùn Accra. Èyí tó kù á wà pẹ̀lú afẹ́fẹ́ nínú táǹkì, oxygen á máa bá a ṣe pọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí á fi di oje tó dúdú, tó ń lẹ̀, tó sì ń rùn ọ̀dà. Epo tí a kò tọ́jú dáadáa ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ ìsàlẹ̀ táǹkì Celica yẹn, ohun tó tẹ̀lé igi náà jáde ń fà bí oyin.

Táǹkì tí kò kún tún wá burú ju èyí tó kún lọ. Accra wà létí òkun, ọ̀rinrin ò tán nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ á wọ ibi tó ṣófo nínú táǹkì, bí ara irin bá tutù lóru ọ̀rinrin náà á di omi sí i lára, á sì ṣàn lọ sísàlẹ̀, torí omi wúwo ju epo lọ. Ìsàlẹ̀ yìí kan náà ni ẹnu pọ́ǹpù wà. Irin á dógùn-ún, ìpẹtà á máa re sínú oje, gbogbo rẹ̀ á wá para pọ̀ di ẹrọ̀fọ̀ tó ń dúró de ẹni tó máa yí kọ́kọ́rọ́.

Pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ ò ju ohun tó wọ àtẹ́lẹwọ́ lọ. Mọ́tò iná kékeré kan ni, abẹ́bẹ̀ wà nídìí rẹ̀, asẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀, inú epo ló sì ń gbé. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn èèyàn láti gbọ́ pé iná mànàmáná wà nínú táǹkì epo, ṣùgbọ́n epo tí kò rí afẹ́fẹ́ tó ò lè jó. Epo yìí ló ń tu pọ́ǹpù lára, òun náà ló sì ń jẹ́ kó máa yí geere. Kò rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lára ọkọ̀ àwọn bàbá wa, ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì ni pọ́ǹpù máa ń wà, awọ rọ́bà kan ni ẹ́ńjìnnì ń tì lọ tì bọ̀ nínú rẹ̀, mẹkáníìkì sì lè tú u sórí pépà ìròyìn, kó pààrọ̀ awọ náà, kó dè é padà kí iṣẹ́ mìíràn tó dé. Ìgbà tí Bosch gbé ètò tó ń fi iná mànàmáná fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì jáde, tí Volkswagen fi í sára ọkọ̀ 1600 rẹ̀ ní 1967, ni nǹkan yí padà. Nọ́sù tó ń fọ́n epo náà fẹ́ epo tó ń bọ̀ pẹ̀lú agbára, awọ rọ́bà ò sì ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Pọ́ǹpù oníná wọlé, nígbà tó yá wọ́n kì í sínú táǹkì, wọ́n sì dí i pa. Tó bá kú, ó kú nìyẹn.

Bí ẹrọ̀fọ̀ yẹn ṣe ń pa á kò ṣòroó yé. Bí ọkọ̀ bá wà nílẹ̀, oje á lẹ abẹ́bẹ̀ mọ́ ara ilé rẹ̀, kò ní lè yí mọ́. Bí ẹ bá fi tuntun sí i láìfọ táǹkì, tuntun yìí á yí dáadáa, ìyẹn gan-an ni ìṣòro rẹ̀: á máa fa ìpẹtà àti oje sẹ́nu asẹ́ títí asẹ́ á fi dí. Pọ́ǹpù tí kò rí epo fà kò rí ohun tó máa tu ú lára. Á gbóná, á máa kùn, á sì jó.

Ọ̀gá fítà (mẹkáníìkì) tí wọ́n gbé Celica náà fún jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Mamobi. Kò tilẹ̀ fọwọ́ kan táǹkì lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì, ó wá àpótí dúdú kékeré kan tí wọ́n kọ DIAGNOSIS sí lórí, ó ṣí ọmọrí rẹ̀, ó sì fi wáyà kúkúrú kan so ihò tí wọ́n kọ +B sí mọ́ èyí tí wọ́n kọ FP sí. Ó ní kí n ṣí kọ́kọ́rọ́, kí n sì gbé etí sí àga ẹ̀yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ gbọ́ nǹkan?"

"Rárá o, ọ̀gá."

"Ẹ má tíì sọ pé ó kú o."

Ìdí tó fi lo wáyà ni pé ọ̀pọ̀ Toyota ìgbà yẹn kì í gbé iná fún pọ́ǹpù nígbà tí ẹ bá kàn ṣí kọ́kọ́rọ́, àfi tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí. Ẹni tí kò mọ̀ á dẹtí sílẹ̀, kò ní gbọ́ ohunkóhun, á sì dájọ́ ikú fún pọ́ǹpù tó yè. Wáyà yẹn máa ń mú kí iná lọ bá pọ́ǹpù tààrà. Nígbà tí kò sí ìró kankan síbẹ̀, ó gbé àga ẹ̀yìn, ó tú púlọ́ọ̀gì pọ́ǹpù, ó fi mítà wọn iná tó débẹ̀. Òfo. Ó wo fíúùsì, ó dára. Ó wo relay, ó dára. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ wáyà lọ́wọ́ọ̀wọ́ láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú, títí ó fi ká kápẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga awakọ̀, tó sì bá súwíìṣì kékeré kan níbẹ̀ tí ilé iṣẹ́ Toyota kò fi síbẹ̀. A pe London. Ẹni tó ni ọkọ̀ pariwo lórí fóònù: "Yéè! Nítorí olè ni mo fi fi í síbẹ̀, mo ti gbàgbé pátápátá."

Láti Èkó dé Accra ni àwọn onímọ́tò ti ń fi irú súwíìṣì ìkọ̀kọ̀ yìí pa iná pọ́ǹpù kí olè má baà wa ọkọ̀ lọ. Bí ẹ bá ń lọ sí ìrìn àjò, ẹ sọ ibi tó wà fún ẹnì kan nílé.

Nígbà tó tẹ súwíìṣì náà, iná dé, fóltì 12 pé. Pọ́ǹpù kàn kérora lẹ́ẹ̀kan, kò yí. Ó wọn ìdènà iná inú rẹ̀, èyí tí ìwé Toyota ní kó wà láàárín 0.2 sí 3.0 ohm. Ó fún un ní iná tààrà láti ara bátìrì, kò jẹ́ kó tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kó tó yọ wáyà, torí tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ wáyà inú rẹ̀ lè jó. Ìgbà yìí ló tó sọ pé, "Ó ti lẹ̀. Àmọ́ ẹ ò tíì ní ra òmíràn. Táǹkì la máa sọ̀ kalẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́." Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà láti ìgbà yẹn.

Ṣíṣí táǹkì nínú àgbàlá Mamobi gba ìṣọ́ra gidi. Ìdáná kì í tán níbẹ̀: ẹnì kan ń se wáákyé, ẹnì kan ń dín kósè, kóòlù-pọ́ọ̀tù wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá tó pọ̀. Oru epo sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Kì í gòkè, ilẹ̀ ló ń rá gbà, ó sì lè rìn jìnnà kó tó bá iná pàdé. Ọ̀gá ní kí wọ́n kó gbogbo iná kúrò, ó ṣàlàyé fún àwọn ìyá náà, wọn kò sì bínú. Ó tú orí bátìrì tó jẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù, ó ṣí ìdérí táǹkì kí oru inú rẹ̀ lè jáde, ó gbé garawa iyanrìn kan sítòsí. Ó sì kìlọ̀ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó ní kí àwọn gbé táǹkì lọ bá wẹ́dà torí ó rí ibi tó fẹ́ lu: táǹkì tí wọ́n ṣẹ́ epo kúrò nínú rẹ̀ léwu ju èyí tó kún lọ, oru ló kún inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wẹ́dà ló ti bá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ.

Epo àtijọ́ náà ò gbọdọ̀ wọ gọ́tà. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń dà á sí, òru sì ni wọ́n ń dà á. Gọ́tà ńlá tó la Nima àti Mamobi kọjá ń ṣàn lọ sínú odò Odaw, Odaw ń lọ sínú ọ̀sà Korle, Korle sì ń bọ́ sókun. Ní alẹ́ ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2015, òjò àrọ̀ìrọ̀dá mú kí omi kún Kwame Nkrumah Circle, epo léfòó lórí omi náà láti ilé epo kan, iná sì ràn án. Àwọn tó sá síbẹ̀ nítorí òjò wà lára àwọn tó kú, àwọn tó kú sì lé ní 150. Ẹni tó bá gbé Accra lálẹ́ ọjọ́ yẹn kò ní da epo sínú gọ́tà. Inú gálọ́ọ̀nù onírin tó ní ìdérí ni ọ̀gá dà á sí, ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Fífọ táǹkì ni iṣẹ́ gan-an. Wọ́n tú bẹ́líìtì irin tó gbé e dúró, wọ́n yọ gbogbo ọ̀pá àti rọ́bà, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n da omi gbígbóná àti ọṣẹ sí i, wọ́n ju ṣéènì kúkúrú kan sínú rẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ méjì sì dì í mú lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ń mì ín. Omi tó kọ́kọ́ jáde dúdú. Èyí tó tẹ̀lé e pọ́n, ìpẹtà wà nínú rẹ̀ ní wẹ́wẹ́. Wọ́n dà á nù, wọ́n tún bu òmíràn, wọn kò dẹ́kun títí omi fi jáde bí wọ́n ṣe bù ú. Wọ́n wá sá a sóòrùn, wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i títí gbogbo igun rẹ̀ fi gbẹ, wọ́n sì fi epo tuntun díẹ̀ ṣàn án kí ọ̀rinrin tó kù lè bá a jáde. Ibi tí wọ́n rò pé ó fẹ́ lu ò lu rárá, ẹrẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ ọn. Ká ní ó lu ni, táǹkì àlòkù tó dára ni ǹ bá ní kí wọ́n wá.

Iṣẹ́ yìí ni àwọn onímọ́tò kì í fẹ́ sanwó fún. Wọ́n á san owó pọ́ǹpù, torí wọ́n rí i nínú páálí. Wọ́n á san owó kíkì í bọlé. Bí fítà bá ní owó táǹkì nìyí, wọ́n á ní ó fẹ́ rẹ́ àwọn jẹ. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ohun tí wọ́n sì ń ṣe gan-an nìyẹn. Lójú tèmi, owó fífọ táǹkì ló yẹ kó ga jù nínú gbogbo owó iṣẹ́ náà, ẹni tó bá sì ní òun á ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ kò ní ṣe é dáadáa.

Abossey Okai ni wọ́n ti ra pọ́ǹpù, níbi tí gbogbo Accra ti ń ra páàtì, bí ará Èkó ṣe ń lọ sí Ladipo. Níbẹ̀, ọ̀tọ̀ ni àlòkù tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tó ti Japan tàbí Dubai wá, ọ̀tọ̀ ni tuntun tó jẹ́ ojúlówó, ọ̀tọ̀ sì ni ayédèrú inú páálí tó jọ ojúlówó. Ẹ mú ti àtijọ́ lọ́wọ́ kí ẹ fi wé e: gígùn rẹ̀, ẹnu rẹ̀, ibi tí wáyà ń gbà wọlé. Orúkọ ńlá ara páálí nìkan kò tó ìdánilójú. Ní 2020, Toyota ní láti pe ọkọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún padà káàkiri ayé nítorí pọ́ǹpù tí Denso ṣe: ike abẹ́bẹ̀ inú rẹ̀ ń mu epo, ó ń wú, ó sì ń há. Epo tuntun pàápàá lè ba pọ́ǹpù jẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ Nàìjíríà, àwọn aláṣẹ sì ní láti kó o kúrò lọ́jà. Ọ̀pọ̀ onímọ́tò Èkó ló ti ara pọ́ǹpù wọn mọ èyí.

Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn ọkọ̀ spọ́ọ̀tù á tún fẹ́ ra pọ́ǹpù tó tóbi ju ti ilé iṣẹ́ lọ, pé ó máa jẹ́ kó sáré. Kò ní jẹ́ kó sáré. Bí ẹ́ńjìnnì ò bá tíì yí padà, iye epo tó nílò kò yí padà. Èyí tó ṣẹ́kù á kàn máa yí po padà sínú táǹkì, á sì tún máa gbóná sí i.

Níbi dídè é padà, asẹ́ tuntun ni kó wà lẹ́nu pọ́ǹpù tuntun. Rọ́bà kúkúrú tó so ó mọ́ ọ̀pá sì ní láti jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún inú epo, èyí tí wọ́n máa ń kọ J30R10 sí lára. Rọ́bà epo lásán ń kojú epo láti inú nìkan. Bí ó bá wà nínú epo tinú tòde, á rọ̀, á sán, prẹ́ṣọ̀ á wálẹ̀, wọ́n á sì tún ní pọ́ǹpù ti kú. Ẹ má ṣe fi sílíkóònù dí ojú táǹkì dípò gásíkẹ́ẹ̀tì. Bẹntiróòlù á jẹ ẹ́, wẹ́wẹ́ rẹ̀ á sì bọ́ sínú asẹ́.

Kí wọ́n tó sítáàtì, ọ̀gá ti yí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ó ti tú àwọn púlọ́ọ̀gì, ó kán ọ́ìlì díẹ̀ sí ihò kọ̀ọ̀kan, ó sì fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì náà pẹ̀lẹ́. Ó fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú ọ̀pá epo láti ẹ̀yìn dé iwájú, ó sì kó nọ́sù lọ fọ̀. Ó tún so wáyà mọ́ +B àti FP. Ìgbà yìí a gbọ́ ọ: ìró tẹ́ẹ́rẹ́, tó dọ́gba, lábẹ́ àga ẹ̀yìn. Géèjì prẹ́ṣọ̀ gòkè kọjá 38 psi, ó dúró kó tó dé 44, ibi tí ìwé ní kó wà. Ó pa á, a dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, abẹ́rẹ́ géèjì ò sì wálẹ̀ dé 21. Ó yọ wáyà, ó wọlé, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì wú ikọ́, èéfín funfun jáde, ó gbaná. Ẹni tó ni ọkọ̀ ti wà lórí fídíò láti London kí ẹnikẹ́ni tó ní kó pè é.

Ọ̀nà Kanda ni wọ́n kọ́kọ́ wà á gbà, pẹ̀lẹ́, wọ́n kọjá Mọ́ṣáláṣí Àpapọ̀, wọ́n sì padà wálé. Ọ̀gá ní kí wọ́n rọ epo kún táǹkì, kí wọ́n má sì jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ ju ìdajì lọ tí kò bá ní rìn lọ́sẹ̀ yẹn.

Fílítà epo méjì ni ọ̀gá ní kí wọ́n rà, wọ́n sì gbọ́ràn. Èyí tó wà lábẹ́ bọ́ńẹ́ẹ̀tì báyìí ló máa gba gbogbo ìdọ̀tí tó bá ṣì kù nínú ọ̀pá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n fi wọ́ṣà bàbà tuntun de èkejì, kí wọ́n sì ṣẹ́ ohun tó wà nínú ti àkọ́kọ́ sórí pépà funfun. Bí epo náà bá mọ́, wọ́n lè máa wa ọkọ̀ wọn lọ. Bó bá ṣì pọ́n, kí wọ́n tún táǹkì sọ̀ kalẹ̀.